Kí Ó Má Ṣe Dá Nìkan Lọ

Ọ̀rọ̀ tí àwọn obìnrin mẹ́fà láti inú ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ wa ní Èkó bá ìpàdé gbogbogbòò sọ, lórí iṣẹ́ tí wọ́n ń yọ̀ǹda ara wọn fún ní ibùdó ìtọ́jú àwọn tí a fipá bá lò

  

Nígbà tí akọ̀wé kọ ìwé sí wa pé kí a wá bá yín sọ̀rọ̀, ẹ̀rù bà wá díẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó èlé, ọ̀rọ̀ ìpín èrè ọdún, ọ̀rọ̀ bí a ó ṣe gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó yá a tí kò fẹ́ san án, ìwọ̀nyí ni a mọ̀ mọ́ irú ìpàdé yìí. Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí jẹ́ irú èyí tí ènìyàn máa ń rẹ ohùn sílẹ̀ kí ó tó sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ìfipábánilòpọ̀ ni. A bẹ̀ yín, ẹ má bínú bí a bá pè é ní orúkọ tí ó ń jẹ́. Àìsàn tí a kò bá dárúkọ, a kò lè wá oògùn rẹ̀.

Àwa mẹ́fà yìí, ọmọ ẹgbẹ́ kan náà ni wá. Mẹ́ta nínú wa ń tajà, méjì jẹ́ aránṣọ, ẹnì kan sì jẹ́ olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì. Kò sí dókítà nínú wa, kò sí lọ́yà. Ó ti lé ní ọdún mẹ́rin tí a ti ń yọ̀ǹda ara wa, ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ní ibùdó kan tí àjọ aláàánú kan ń bójú tó ní Èkó níbí. Wọ́n ń tọ́jú obìnrin àti ọmọdé tí a fipá bá lò níbẹ̀, wọ́n sì ń tọ́jú ọkùnrin pẹ̀lú. A kì í gba owó oṣù. A kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni tí a bá pàdé níbẹ̀, a sì ti yí ohun tí ó lè mú kí ẹ dá wọn mọ̀ padà nínú gbogbo ohun tí a ó sọ.

OHUN TÍ Ó GBÉ WA DÉ IBẸ̀

Bí a bá ní àánú ni ó gbé wa débẹ̀, irọ́ ni a pa. Àbámọ̀ ni ó gbé wa débẹ̀.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa wá bá wa lẹ́yìn ìpàdé. Ó dúró títí àwọn ènìyàn fi lọ tán. Ó ń ká ìwé ìfowópamọ́ rẹ̀ mọ́ra bí ẹni tí ń ká aṣọ. Ó ní ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ sí ọmọ òun obìnrin, ọmọ ọdún 11. Ará ilé tí wọ́n jọ ń gbé ni ó ṣe ọmọ náà báṣubàṣu, ọkùnrin kan tí gbogbo ọmọ inú ilé ń pè ní Bùọ̀dá, tí ó máa ń bá wọn ṣe iṣẹ́ àmúrelé ní ìrọ̀lẹ́.

Kí ni a ṣe? A bá a sunkún. A ní kí ó fi omi gbígbóná wẹ ọmọ náà dáadáa, kí ó fọ aṣọ rẹ̀. A ní kí ó má tíì sọ fún bàbá ọmọ náà kí ó má baà di ìjà. Ní ọjọ́ kejì a pe ọkùnrin náà àti àwọn ẹbí rẹ̀ jọ. Wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n bẹ̀bẹ̀, wọ́n kó owó sílẹ̀ pé kí a fi tọ́jú ọmọ. A gba owó náà fún ìyá rẹ̀, a sì pàṣẹ pé kí ọkùnrin náà kó jáde nínú ilé. Ó kó jáde lóòótọ́. Ó kó lọ sí àdúgbò mìíràn, níbi tí ọmọ àwọn ẹlòmíràn wà. Ní alẹ́ ọjọ́ náà a ń yin ara wa lójú ọ̀nà pé a yanjú ọ̀rọ̀ láìjẹ́ kí ayé gbọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ara ọmọ náà kò yá. Nọ́ọ̀sì kan ni ó darí ìyá rẹ̀ sí ibùdó tí a ń sọ yìí, ìyá náà sì ní kí a bá òun lọ. Dókítà fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi wá pé, "Ọjọ́ wo ni ó ṣẹlẹ̀?" A sọ fún un. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó ṣàlàyé ohun tí ì bá ṣeé ṣe bí a bá ti gbé ọmọ náà wá ní ọjọ́ kìíní. Kò bú wa. Ì bá sàn kí ó bú wa.

Ẹ̀yin ará, àwa ni a fi omi gbígbóná fọ ẹ̀rí dànù. Àwa ni a jẹ́ kí àkókò oògùn kọjá. Àwa tí a lè ka owó ẹgbẹ́ láìṣì kọ́bọ̀ kan, a kò mọ̀ pé ọjọ́ ni ó yẹ kí a kà. Ọmọ náà wà láàyè, ó ń lọ sí ilé ìwé, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kò fojú ba ilé ẹjọ́ títí di òní. A rò pé a ń bo àṣírí ọmọ wa ni. Àṣírí ọkùnrin náà ni a bò.

KÍ NI ỌJỌ́ MẸ́TA LÈ ṢE?

Ohun tí dókítà sọ fún wa ní ọjọ́ náà ni a fẹ́ kí ẹ gbé lọ sílé, bí ẹ kò bá tilẹ̀ rántí ohun mìíràn nínú ọ̀rọ̀ wa.

Wákàtí 72, èyí tí í ṣe ọjọ́ mẹ́ta, ni a ní láti bẹ̀rẹ̀ oògùn tí ń dènà kòkòrò tí ń fa àrùn éèdì. Bí a bá ṣe tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tó ni ó ṣe ń ṣiṣẹ́ tó. Ọjọ́ 28 gbáko ni a ó fi lò ó, a kò sì gbọdọ̀ fo ọjọ́ kankan. Ní ti oògùn tí ń dènà oyún, a lè lò ó títí di ọjọ́ karùn-ún, ṣùgbọ́n ti ọjọ́ kìíní ni ó dára jù. Dókítà yóò tún wo ọgbẹ́ tí ó bá wà, yóò fún un ní oògùn àwọn àrùn mìíràn tí ìbálòpọ̀ máa ń gbé kiri, àti abẹ́rẹ́ tí ń dènà àrùn ẹ̀dọ̀.

Ní ti ẹ̀rí, bí ó bá ṣeé ṣe, kí ó má tíì wẹ̀, kí ó má sì pààrọ̀ aṣọ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Bí ó bá ti bọ́ aṣọ náà, ẹ má fọ̀ ọ́. Inú àpò onípépà ni kí ẹ kó o sí, ẹ má ṣe kó o sínú ọ̀rá, nítorí ooru àti omi inú ọ̀rá a máa ba ohun tí dókítà ń wá jẹ́.

Bí ó bá sì ti wẹ̀ ńkọ́? Ẹ mú un wá. Bí ọjọ́ mẹ́ta bá ti kọjá, ẹ ṣì mú un wá. Bí ó bá jẹ́ ọdún mẹ́ta ni, ẹ ṣì mú un wá. Ọgbẹ́ ara lè ti jinná kí ti ọkàn ṣì máa ṣẹ̀jẹ̀, àwọn olùdámọ̀ràn sì wà tí wọ́n kọ́ iṣẹ́ náà.

A kò lè sọ mọ́ pé kò sí ibi tí a lè lọ. Ní 2013 ni wọ́n ṣí Mirabel Centre sínú ọgbà ọsibítù LASUTH ní Ìkẹjà. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní 2016 ni Dókítà Kẹ́mi DaSilva-Ibru dá àjọ WARIF sílẹ̀, tí ibùdó wọn wà ní Yaba. Àjọ yìí tilẹ̀ kọ́ àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ ní ohun tí wọn yóò ṣe, nítorí pé létí wọn ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó pẹ̀lú ti ní ikọ̀ tí ń rí sí ọ̀ràn náà láti 2014, wọ́n sì fi òfin sọ ọ́ di àjọ ní 2021. Irú ibùdó bẹ́ẹ̀ ti wà ní àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn pẹ̀lú. Ẹ wádìí èyí tí ó sún mọ́ yín kí ọjọ́ burúkú tó dé.

IṢẸ́ TÍ A Ń ṢE NÍBẸ̀

Kí wọ́n tó jẹ́ kí a jókòó ti ẹnikẹ́ni, wọ́n kọ́kọ́ kọ́ wa. Ohun tí ó yà wá lẹ́nu ni pé bí a ó ṣe dákẹ́ ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹ̀kọ́ náà. Àwa ìyá, ẹ mọ̀ wá. Kí ọmọ tó sọ̀rọ̀ tán a ti ń gbà á níyànjú. Wọ́n ní kí a gbé ìyànjú tì. Wọ́n kọ́ wa pé kí a má ṣe bi í pé, "Kí ni o wá lọ ṣe níbẹ̀?" Kí a má bi í pé, "Kí ló dé tí o kò pariwo?" Kí a má sọ fún un pé, "Fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run." Olúkúlùkù nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ń sọ fún un pé òun ni ó jẹ̀bi. Wọ́n ní ẹlòmíràn wà tí ẹ̀rù bá bà á, ara rẹ̀ á le gbagidi, kò ní lè ké, kò ní lè sá. Kì í ṣe pé ó gbà.

Ohun tí a lè sọ kò pọ̀: "Mo gbà ọ́ gbọ́." "Ẹ̀bi rẹ kọ́." "Mo wà níbí." Ẹ kò mọ bí gbólóhùn mẹ́ta yìí ti wúwo tó, àfi bí ẹ bá rí ojú ẹni tí ó kọ́kọ́ gbọ́ wọn.

Ní ọjọ́ kan wọ́n mú ọ̀dọ́mọbìnrin kan wá. Ọ̀kan nínú wa tí ń ta ẹ̀wà ní ọjà ni ó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ọmọ náà kò sọ̀rọ̀ fún nǹkan bíi wákàtí méjì. Ìyá ẹlẹ́wà yìí gbé omi fún un, ó fi aṣọ bò ó, ó sì jókòó. Nígbà tí nọ́ọ̀sì pè é wọlé, ó yíjú padà, ó ní, "Mà, ṣé ẹ ó ṣì wà níbí tí mo bá jáde?" Ó ní, "N ó wà níbí." Iṣẹ́ tí ó ṣe ní ọjọ́ náà kò ju èyí lọ. Olùdámọ̀ràn sọ fún wa lẹ́yìn náà pé ohun tí ó jẹ́ kí ọmọ náà gbà kí dókítà yẹ òun wò nìyẹn.

Iṣẹ́ mìíràn tún wà tí àwọn aránṣọ wa mọ̀. Bí wọ́n bá gba aṣọ ọrùn ènìyàn fún ẹ̀rí, kí ni yóò wọ̀ lọ sílé? A bá ibùdó náà nígbà tí wọ́n ń wá aṣọ àgbà kiri fún wọn. Ẹgbẹ́ wa gbé e yẹ̀ wò, a fi díẹ̀ nínú owó ìgbáyégbádùn ra aṣọ, àwọn aránṣọ méjì wa àti àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn sì rán bùbá, kaba àti ṣòkòtò ní oríṣiríṣi ìwọ̀n. A fi pátá tuntun, ọṣẹ, bàtà sálúbàtà àti pádì sínú àpò kọ̀ọ̀kan. Tuntun ni a ní kí gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ hùwà sí bí ẹni tí kò níyì, aṣọ àkísà kọ́ ni ó yẹ kí a gbé wọ̀ ọ́.

Ẹ̀kẹta ni ẹnu. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ni í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ohun tí a bá gbọ́ níbẹ̀, a kì í sọ ọ́ fún ọkọ, a kì í sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́, a kì í sì fi ṣe ẹ̀bẹ̀ àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Bí a bá pàdé ẹni náà lọ́jà, a kì í kọ́kọ́ kí i. Bí ó bá kí wa, a ó dáhùn bí oníbàárà sí oníbàárà. Ọ̀kan nínú wa ti ta tòmátì fún ẹnì kan báyìí fún oṣù méje láìjẹ́ kí ojú òun sọ ohunkóhun.

Ẹ̀kẹrin ni rírìn pẹ̀lú wọn. A bá ọmọ kan lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá kan tí ẹni tí ó wà lẹ́nu àbáwọlé bi í, lójú gbogbo èrò, pé irú aṣọ wo ni ó wọ̀. A kò bá a jà. A bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n mú wa lọ bá obìnrin ọlọ́pàá tí ó ń rí sí irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀, èyí nì sì gba ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ nínú yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, ó ṣe é bí ọmọlúàbí. Bí ọmọ náà bá dá nìkan lọ, ẹnu àbáwọlé ni ì bá ti padà.

Ilé ẹjọ́ ń kọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe ẹjọ́ ilẹ̀ rí, ẹ mọ̀. Nínú ẹjọ́ kan tí a bá wọn lọ, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni wọ́n sún un síwájú. Lọ́ọ̀yà kò wá, ẹlẹ́rìí kò wá, iná kò sí. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, ìyá ọmọ náà ń ti ṣọ́ọ̀bù, ó ń wọ mọ́tò méjì lọ, méjì bọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ kì í kú nítorí pé kò sí òfin. Owó mọ́tò àti àárẹ̀ ni ó ń pa wọ́n. Iṣẹ́ wa ni kí a rán an létí ọjọ́, kí a fún un ní owó ọkọ̀, kí a sì jókòó lẹ́yìn rẹ̀ nínú kóòtù kí ó lè rí ojú kan tí ó mọ̀.

Ẹ má ṣe rò pé a gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. A kì í ṣe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, a kì í wádìí. Bí ó bá jẹ́ àgbàlagbà, a kì í fi agbára mú un lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Òun ni ó ni ọ̀ràn rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọmọdé, ibùdó ní ìlànà tí wọn yóò tẹ̀lé láti fi tó ìjọba létí. Iṣẹ́ náà a sì máa wọ ènìyàn lára. Ìgbà kan wà tí olùkọ́ wa kò lè sùn fún ọ̀sẹ̀ kan. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń kó wa jọ lóṣooṣù láti tú ohun tí ó wà nínú wa jáde. Ẹni tí ó bá rẹ̀, kí ó sinmi. Kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè.

ÀWỌN ÌBÉÈRÈ TÍ Ẹ MÁA Ń BI WÁ

Àwọn àgbà kan sọ fún wa pé, "A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àárín àwọn tí wọ́n jọ ń du ààlà ilẹ̀ tàbí gbèsè ni a ti ń pa òwe yìí. Ta ni ó fẹ́ kí ọmọ ọdún 11 àti ẹni tí ó bà á jẹ́ padà wá ṣọ̀rẹ́? Àti pé ọ̀ràn yìí kì í ṣe ti ẹbí láti dárí jì. Ọ̀ràn ìjọba ni. Òfin tí ó tako ìwà ipá sí ènìyàn, tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015 fún Àbújá tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ sì ti sọ di tiwọn, ẹ̀wọ̀n gbére ni ó fi sí i. Òfin náà kò yọ ọkùnrin sílẹ̀ nínú àwọn tí a lè fipá bá lò. Òfin ìwà ọ̀daràn ti Ìpínlẹ̀ Èkó náà fi ẹ̀wọ̀n gbére sí i. Èkìtì ti ṣe òfin tirẹ̀ láti 2011. Àwa tí a sì gba owó láti fi bò ó mọ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kí a mọ̀ pé òfin ka gbígba owó láti fi irú ọ̀ràn ńlá bẹ́ẹ̀ pamọ́ sí ẹ̀ṣẹ̀ fúnra rẹ̀. Nígbà tí lọ́yà kan ṣàlàyé èyí fún wa, ẹsẹ̀ wa gbọ̀n.

Àwọn mìíràn ní, "Bí ó bá jẹ́ irọ́ ńkọ́?" Ìbéèrè gidi ni, a kò sì ní fi ọwọ́ gbá a dànù. Ṣùgbọ́n kí a bá ènìyàn lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà kò sọ ẹnikẹ́ni sí ẹ̀wọ̀n. Dókítà yóò yẹ̀ ẹ́ wò, ọlọ́pàá yóò wádìí, adájọ́ yóò gbọ́ tẹnu méjèèjì. Ẹni tí kò ṣe é ní ibi tí yóò ti wí tẹnu rẹ̀. Nígbà tí a bá jókòó sí pálọ̀ tí a sì yanjú rẹ̀ fúnra wa, a kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ òtítọ́, ìbáà jẹ́ ti ọmọ, ìbáà jẹ́ ti ọkùnrin náà.

Èyí tí ó kẹ́yìn ni pé, "Kí ni ó kan ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù nínú ọ̀rọ̀ yìí?" Ìwádìí tí ìjọba Nàìjíríà ṣe pẹ̀lú àjọ UNICEF ní 2014 fi hàn pé ọmọbìnrin 1 nínú 4 àti ọmọkùnrin 1 nínú 10 ni ó ti fara gbá ìwà ipá ìbálòpọ̀ kí wọ́n tó pé ọdún 18. Ẹ wo gbọ̀ngàn yìí. Ẹ ka ọmọ yín, ẹ ka ọmọ iṣẹ́ yín, ẹ ka ọmọ ọ̀dọ̀ yín. Ara wa ni ọ̀rọ̀ náà wà.

Àwọn ahunṣọ tí wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Rochdale ní 1844, ìyẹ̀fun àti bọ́tà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àpapọ̀ àwọn ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ní gbogbo àgbáyé pàdé ní Manchester ní 1995, wọ́n kọ ìlànà keje mọ́ ìlànà wa: kí ẹgbẹ́ máa ṣe aájò àwùjọ tí ó wà nínú rẹ̀. Irú ibùdó tí a ń sọ yìí gan-an, àwọn olùyọ̀ǹda ara wọn ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Lára àwọn àkọ́kọ́ ni èyí tí àwọn obìnrin dá sílẹ̀ ní Washington ní 1972 àti èyí tí wọ́n ṣí ní London ní 1976. Àwọn náà jókòó bí àwa ṣe jókòó yìí, wọ́n sì ní kí ni àwọn lè ṣe.

Ohun kan wà tí ẹgbẹ́ wa mọ̀ jù ú lọ. Kò sí ẹni tí ń yá owó láìní onídùúró. A mọ ohun tí ó túmọ̀ sí kí ènìyàn fi orúkọ ara rẹ̀ sí abẹ́ ti ẹlòmíràn, kí ó ní, "Mo dúró fún un." Ohun tí ẹni tí a fipá bá lò ń wá nìyẹn.

OHUN TÍ A Ń BÉÈRÈ LỌ́WỌ́ YÍN

Ohun mẹ́ta ni.

Èkíní, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yan ènìyàn méjì tí ẹnu wọn dákẹ́, kí wọ́n lọ gba ẹ̀kọ́ ní ibùdó tí ó sún mọ́ wọn. Kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ mọ orúkọ wọn. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má fà sẹ́yìn. Àwọn ọmọkùnrin wà tí ọkùnrin nìkan ni wọ́n lè bá sọ̀rọ̀, ẹ̀yin sì ni ẹ lè bá àwọn ọmọ iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì àti ti kápẹ́ńtà sọ òótọ́ ọ̀rọ̀.

Èkejì, kí a ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ọkọ̀ àti ìtọ́jú pàjáwìrì. Kí akápò lè fún ọ̀kan nínú àwọn méjì náà ní ọjọ́ náà gan-an, ìbáà ṣe ní òru, láìdúró de ìpàdé, láìsí onídùúró, láìkọ orúkọ ẹni tí a fẹ́ lò ó fún. Nọ́ḿbà ni kí a kọ sínú ìwé. Ẹgbẹ́ tiwa ti ń ṣe é báyìí, ayẹ̀wéwò owó wa kò sì rí àléébù nínú rẹ̀. Kí a má sì gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ìyá tí kò wá sí ìpàdé nítorí kóòtù.

Ẹ̀kẹta ni ó le jù, a sì mọ̀ pé ó le. Kí ẹgbẹ́ kankan má jókòó yanjú irú ọ̀ràn yìí mọ́. Kí a má fi owó ẹgbẹ́ yá ẹnikẹ́ni tí ó fẹ́ fi bẹ ẹbí ọmọ. Bí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn bá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, bí ó bá jẹ́ olóyè, bí ó bá jẹ́ ẹni tí owó rẹ̀ pọ̀ jù nínú àpótí, ọ̀nà kan náà ni. A kò ní kí ẹ dá a lẹ́jọ́. A ní kí ẹ má ṣe dí ọ̀nà tí ẹjọ́ yóò gbà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin ni àgbà, ọjà sì nìyí.

Ọ̀rọ̀ wa tán. Ó ku ohun kan.

Ìyá ọmọ tí a sọ ìtàn rẹ̀ yẹn ṣì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa. Òun àti ọmọ rẹ̀ ni wọ́n gbà kí a sọ ọ́, òun ni a sì kọ́kọ́ ka ìwé yìí fún kí a tó gbé e wá. A bi í bóyá ó fẹ́ kí a yọ ohun kan kúrò. Ó ní rárá. Ó ní kí a fi ọ̀rọ̀ kan kún un: "Ẹ sọ fún wọn pé ìdí tí mo fi wá bá yín ní ọjọ́ yẹn ni pé mo rò pé ẹ mọ ohun tí ó yẹ kí n ṣe."

Ní ìparí ìpàdé tòní, bí àwọn ènìyàn bá ti ń kó àga, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan dúró sẹ́yìn nínú ẹgbẹ́ tiyín. Kí ó bá ẹni tí ó mọ̀ níbẹ̀.